Agolo Gọ́ọ̀mù Bàbá Jonathan

Ọjọ́rú ni àyà Gbọ́njúbọ́lá kọ́kọ́ já. Ẹnikẹ́ni kò kú, olè kò wọlé, kò sí ìròyìn burúkú lórí fóònù. Àjákù fóòmù kan ló rí lábẹ́ tábìlì.

Ó ti ti ilé ìwé dé, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ti bọ́ bàtà, ó ń gbá pálọ̀ kí ó tó gbé ọbẹ̀ kaná, ni ìgbálẹ̀ bá wọ́ fóòmù náà jáde: fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí kí ó má baà fọ́. Ó rántí rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ó fi í dán gọ́ọ̀mù kan wò. Ó lẹ ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn, ó fi bébà bo ojú rẹ̀, ó fà á títí, kò já, ó sì jù ú sílẹ̀. Báyìí ó fi àtàǹpàkò tẹ bébà náà, àtàǹpàkò bá wọlé lọ. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ bébà mọ́. Nígbà tí ó ya á, ó rí i pé inú fóòmù ti jẹ rá bí eyín tí kòkòrò ti jẹ, ó ku èèpo nìkan.

"Mo gbé," ni ó wí.

Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Apá bàálù méjèèjì fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gùn, wọ́n ń dán, ó ti kùn wọ́n ní àwọ̀ eérú. Ẹni tó bá rí wọn yóò rò pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ní òkè òkun ló ṣe wọ́n. Gọ́ọ̀mù kan náà ló wà nínú wọn. Ní Sátidé tó ń bọ̀, wọn yóò fò lókè orí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Akanran.

Ó yẹ ká dúró ṣàlàyé ohun tí obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, abilékọ, akọrin ìjọ Áńgílíkà, ń fi apá bàálù ṣe nínú pálọ̀, nítorí àwọn aládùúgbò rẹ̀ pàápàá ṣì ń bèèrè. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ẹni mẹ́rin péré. Bàbá Jonathan ni olórí wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ń di ẹrù sínú bàálù ní Alákíà. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, bàálù akẹ́rù kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní kékeré. Kì í ṣe ohun ìṣeré tí a ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n o. Ó ń wọn ti gidi tọwọ́ tẹsẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára bàálù gidi, ẹsẹ̀ bàtà kan lára tirẹ̀, ó sì ń fò. Bàṣírù, káfíńtà Akanran, ló ni ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń pàdé ní gbogbo Sátidé. Múyì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Moniya, ló ń so wáyà àti bátìrì, òun náà ló sì ń fi rìmóòtù darí bàálù lójú ọ̀run. Ẹnì kẹrin ni Gbọ́njúbọ́lá. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ wo bàálù wọn. Àwọn ọmọ padà sílé, ọkàn tirẹ̀ kò padà.

"Àwọn àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé," ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Kò dùn wọ́n. Ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín kò tíì rí ibi tí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ti ń gbéra nílẹ̀.

Bàálù ọdún yìí ló tóbi jù. Bàbá Jonathan sọ ọ́ ní Aláàárù, nítorí ó ní iṣẹ́ kan náà ni òun àti bàálù náà jọ ń ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì, ó wúwo tó kílò méje, ilẹ̀kùn kan sì wà ní ìdí rẹ̀ tó ń ṣí lójú ọ̀run kí ẹrù lè gba ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Òfin méjì ni baba náà fi lélẹ̀. Kí wọ́n tó fi bébà bo ẹ̀yà kankan, ẹni tó kọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sínú. Bí ọjọ́ tí bàálù yóò kọ́kọ́ fò bá sì pé, oníkálukú yóò gbé ọwọ́ kan lé ẹ̀yà tirẹ̀, yóò fi èkejì lu àyà, yóò wí níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Mo fọwọ́ sọ̀yà." Ẹni tí ẹ̀yà rẹ̀ bá já lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ fún odidi ọdún kan. "Ẹrù tí a kò mọ ẹni tó dì í," ni Bàbá máa ń wí, "ikú ni."

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń gbé ọ̀dà fún Gbọ́njúbọ́lá pé kó máa kùn ún. Ó ń kùn ún. Ní ọdún yìí ni Bàbá Jonathan sọ pé, "Apá di ti Tíṣà."

Múyì họ orí. "Bàbá, apá kẹ̀? Apá ló ń gbé e dúró o. Ọ̀dà ni Àǹtí mọ̀ ọ́n ṣe jù."

"Múyì, mo mọ ohun tí mo sọ."

Ẹ wá rí i pé bí apá yìí bá ṣẹ́, kì í ṣe apá nìkan ni yóò ṣẹ́.

Bí gọ́ọ̀mù ṣe débẹ̀ kò ju báyìí lọ. Gọ́ọ̀mù tí kì í ba fóòmù jẹ́ ṣọ̀wọ́n. Èkó ni Bàbá ti ń ránṣẹ́ rà á, inú agolo kékeré ló máa ń wà, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lò bí ẹni ń ṣọ́ epo lò nígbà ọ̀wọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, agolo wà lọ́dọ̀ Gbọ́njúbọ́lá. Ó nawọ́ mú rúlà, ìgúnpá rẹ̀ gbá agolo, gọ́ọ̀mù ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ agolo. Ká ní Bàṣírù ló dà á nù, á pariwo, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé apá lé lọ́wọ́. Ó wọ bàtà, ó lọ bá aránbàtà tó wà lẹ́bàá títì, ó ra gọ́ọ̀mù tirẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni, ó sì ń lẹ̀ ju ti Bàbá lọ. Ó dán an wò, ó dúró. Ó fi lẹ eegun ọparun mọ́ inú apá méjèèjì, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó fi bébà bò ó. Èyí tó ṣẹ́kù, ó dà á sínú agolo títí ó fi kún dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì gbé agolo padà sórí pẹpẹ ní ṣẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan.

Kò mọ̀ pé ńṣe ni gọ́ọ̀mù aránbàtà ń jẹ irú fóòmù yẹn. Bí a bá sì tún bò ó mọ́ inú, tí kò rí ibi tú òórùn rẹ̀ sí, yóò máa jẹ ẹ́ lọ láìdáwọ́ dúró.

Ní Ọjọ́rú yẹn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ pẹ̀lú àjákù fóòmù lọ́wọ́. Ó rí i kedere. Ó rí apá ọ̀tún tó ká sókè, ó rí kílò méje tó ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó ń yí, ó sì rí àwọn ọmọ tó gbójú sókè tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó mú fóònù, ó wá orúkọ Bàbá Jonathan, ó wo orúkọ náà títí iná fóònù fi kú. Ó tún tan án. Kí ni yóò wí? Pé òun da gọ́ọ̀mù nù, òun sì fi irọ́ dí i? Ó gbọ́ ohùn Múyì létí: "Mo sọ fún yín, Bàbá." Ó gbé fóònù dojú bolẹ̀.

Ohun tó ṣe ni pé ó mú ọ̀bẹ. Ó la apá méjèèjì láti ìdí dé ṣóńṣó. Bí ó ti rò ó náà ló bá a: fóòmù ti ṣófo káàkiri eegun, bébà nìkan ló kù tó ń tan ojú jẹ. Ó gé gbogbo ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó gé fóòmù tuntun rọ́pò, ó sì fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ ẹ́, èyí tó ń falẹ̀ gbẹ ṣùgbọ́n tí kì í jẹ fóòmù, ó tún kọ orúkọ rẹ̀ sínú, ó fi bébà tuntun bò wọ́n, ó sì kùn wọ́n. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ló fi ṣe é, ọbẹ̀ kò dé orí iná. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé apá kọ̀ọ̀kan sáàárín àga méjì, ó fi gàrí kílò márùn-ún kọ́ sí àárín rẹ̀. Ó tẹ̀, kò ṣẹ́. Ó jókòó, ó sì sunkún díẹ̀, ẹkún ọpẹ́.

Àti agolo ńkọ́? Ó rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ìrù bàálù ti parí láti oṣù tó kọjá, ara rẹ̀ ti parí, ta ni yóò tún wá gọ́ọ̀mù lọ? Bí òun bá dé ṣẹ́ẹ̀dì ní Sátidé, òun yóò rọra dà á nù. Ìbẹ̀rù tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ẹ́ nínú ti rẹ̀ ẹ́ jù láti tún máa wá ibòmíràn tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Sátidé pé. Takisí tó gbé e lọ sí Akanran kò lè gba apá náà tán, ńṣe ni ṣóńṣó wọn yọ jáde lójú wíńdò, àwọn ọlọ́kadà sì ń bi í lọ́nà bóyá ẹyẹ ló ń gbé. Ó pẹ́ kó tó dé. Àwọn yòókù ti kó ẹrù kúrò ní ṣẹ́ẹ̀dì, orí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti bá wọn. Ọyẹ́ ti sọ ewé di eruku, koríko pápá ti gbẹ tán. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ọgọ́rùn-ún, àwọn ìyá wọn, àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, gbogbo wọn ló dúró síbẹ̀. Hẹ́dímásítà mú fèrè dání. Súìtì ni Aláàárù yóò já sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀mẹta, nínú àpò kéékèèké tí Bàṣírù fi ọ̀rá ṣe agboòrùn fún kí wọ́n lè rọra balẹ̀.

Bàṣírù fi nọ́ọ̀tì de apá mọ́ ara bàálù. Múyì di ṣóńṣó mú, ó mì í síwá sẹ́yìn, ó sì wo Gbọ́njúbọ́lá.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Apá yìí le ju èyí tí mo lè kọ́ lọ."

Inú rẹ̀ dùn púpọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé e. Múyì gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó ní òun fọwọ́ sọ̀yà. Bàṣírù gbé tirẹ̀ lé àárín bàálù. "Bísímílláhì. Mo fọwọ́ sọ̀yà." Ó kan Gbọ́njúbọ́lá. Ó gbé ọwọ́ lé apá, ó lu àyà, ohùn rẹ̀ sì jáde gbọnmọgbọnmọ: "Mo fọwọ́ sọ̀yà." Irọ́ kò sí níbẹ̀. Apá náà dára.

Bàbá Jonathan ló ṣẹ́kù. Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ìdí bàálù, ó gbé ọwọ́ lé ìrù, ó fọn imú, nítorí láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ọ̀fìnkìn ti dí i nímú tí kò gbóòórùn nǹkan kan.

"Ẹ dúró kí n jẹ́wọ́ adìyẹ kan fún yín," ni ó wí, àwọn èèyàn sì ti ń rẹ́rìn-ín. "Ní Ọjọ́bọ̀, àgbébọ̀ Bàṣírù fò lé ìrù yìí lórí, ó dá a ní ìdí. Ọkàn mi bàjẹ́, mo rò pé a kò ní lè fò mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Tíṣà tó mọ nǹkan ṣọ́ lò. Mo gbé agolo gọ́ọ̀mù wò, mo bá a ní kíkún. Mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo bò ó, kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Gbọ́njúbọ́lá kò bá wọn pàtẹ́wọ́.

Láti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ méjì ni gọ́ọ̀mù náà ti fi ń jẹ ìrù nínú òkùnkùn abẹ́ bébà. Bí apá kan bá ń ṣe ségesège, Múyì lè rọra sọ bàálù kalẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìrù bá já, kò sí ọwọ́ tó lè darí rẹ̀ mọ́, orí ni yóò fi sọlẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

"Bàbá," ni ó wí.

Baba náà yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, ẹ̀rù ń bà ọ́, àbí? Ẹni tó bá kọ́ apá fún ìgbà àkọ́kọ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Fọkàn balẹ̀."

Hẹ́dímásítà fọn fèrè. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ké lẹ́ẹ̀kan náà, eruku gbéra. Bóyá gọ́ọ̀mù díẹ̀ ló lò, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Bóyá díẹ̀ ti Bàbá tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ agolo ti dín agbára rẹ̀ kù. Bóyá yóò dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ṣáà pọ̀, Ọlọ́run lè ṣe é. Bí ó ti ń kó bóyá jọ bẹ́ẹ̀ ni Aláàárù sáré lórí koríko, ó gbé imú sókè, ó sì fò.

Gbogbo pápá hó. Ó rẹwà, ẹ má ṣe jẹ́ ká purọ́. Ó fi oòrùn sẹ́yìn, ó yí pápá ká bí àṣá, òjìji rẹ̀ ń gba orí àwọn ọmọ kọjá. Gbọ́njúbọ́lá nìkan ni kò rí ẹwà kankan. Ìrù nìkan ló ń wò.

Àpò kìíní já sílẹ̀. Àwọn ọmọ ya bò ó. Hẹ́dímásítà fọn fèrè títí, ta ló gbọ́? Aláàárù tún yí lọ, ó sọ àpò kejì, àwọn ọmọ tún sá tẹ̀ lé e dé àárín pápá gan-an, níbi tí wọ́n ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dé. Nígbà tí bàálù ń yí bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Gbọ́njúbọ́lá rí i. Ìrù mì. Ó mì díẹ̀, bí ewé tí atẹ́gùn fọwọ́ kàn, ó sì tún dúró.

"Ó ń fà mí lọ́wọ́," ni Múyì wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lókè. "Kí ló ń ṣe é?"

Gbọ́njúbọ́lá ti ń sáré. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sáàárín pápá, ó ń ju ọwọ́, ó ń ké, "Ẹ sá! Ẹ sá kúrò níbẹ̀! Ó máa já!" Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tí wọ́n wá rí ojú rẹ̀, wọ́n fọ́n ká bí ọmọ adìyẹ, wọ́n ń sunkún. Ẹnì kan kò sá. Kifayah ni, ọmọ Bàṣírù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń ṣa súìtì sínú yẹ̀rì, ó ti fi ìbòrí rẹ̀ bo etí, kò gbọ́ nǹkan kan. Lókè, nǹkan kan dún pọ́ọ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì yí padà, ó di igbe. Gbọ́njúbọ́lá gbá ọmọ náà mú níkùn, ó gbé e láìdúró, ó sá, ó ń gbọ́ igbe náà bó ti ń sún mọ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sá, ó ṣubú lé ọmọ náà lórí.

Ilẹ̀ mì. Nǹkan fọ́, nǹkan fò kọjá lórí wọn. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Nígbà tó gbé orí sókè, imú Aláàárù ti wọlẹ̀ níbi tí Kifayah ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn súìtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ káàkiri abẹ̀bẹ̀ tó ti kán.

Hẹ́dímásítà ka àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pé. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Nígbà náà ni gbogbo èèyàn bú sí orin. Àwọn obìnrin yí Gbọ́njúbọ́lá ká, wọ́n ń gbọn eruku kúrò lára rẹ̀, ẹnì kan fún un ní omi ọlọ́ràá. Bàṣírù sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku níwájú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gba Kifayah là fún mi. Wàláhì, ẹ gbà á là. Kí ni mo fẹ́ fi san án? Alihamudulilahi."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i o," ni hẹ́dímásítà wí. "Gbogbo wa là ń wòkè, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Ọlọ́run ló lò yín, Tíṣà."

Kifayah ti di mọ́ Gbọ́njúbọ́lá, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Bàbá Jonathan kò sí láàárín wọn. Ó ti rìn lọ sí etí pápá, níbi tí ìrù já sí. Ó gbé e sókè, ó wo ìdí rẹ̀, ó sì rọra gbé e bọ̀ lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé òkú ọmọ. Orin dákẹ́. Ó há ìrù sí abíyá, ó ṣí fìlà.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá," ni ó wí, "ìrù yìí ló já. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo tún un lẹ̀. Orúkọ mi nìyí nínú rẹ̀. Mo lu àyà lójú yín, ọwọ́ mi sì dójú tì mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi di ẹrù, ọ̀kankan kò já rí. Ó jọ pé ọwọ́ náà ti darúgbó, n kò sì tètè mọ̀. Òfin wa ní ọdún kan. Ní tèmi, mo fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ títí láé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ yín."

Ó sì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù tó ju gbogbo èyí tó ti bẹ̀rù láti Ọjọ́rú wá bá Gbọ́njúbọ́lá. Lábẹ́ bàálù, sísá ni ìbẹ̀rù ní kó sá. Níbí, kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe rárá. Kó ṣáà dákẹ́. Kó mu omi ọwọ́ rẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, kó jẹ́ kí baba arúgbó lọ sílé. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn.

Ó yọ ọwọ́ Kifayah kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, Bàbá," ni ó wí. Kò dún sókè tó, ó tún un wí. "Kì í ṣe ọwọ́ yín. Gọ́ọ̀mù ni."

Bàbá wò ó. "Gọ́ọ̀mù wo?"

"Mo da tiyín nù. Gọ́ọ̀mù aránbàtà ni mo dà rọ́pò rẹ̀ sínú agolo, kí ẹ má baà mọ̀. Ó ń jẹ fóòmù. Ó jẹ apá mi, mo tún un ṣe nílé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ẹ ò ní lo agolo yẹn mọ́."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ó ń jẹ ẹ́?" Múyì ló béèrè.

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́rú!" Rìmóòtù ṣì wà lọ́wọ́ Múyì. Ó gbé e sílẹ̀. "Àǹtí, láti Ọjọ́rú?"

Bàṣírù dìde láti inú eruku, ó nawọ́ mú ọmọ rẹ̀ léjìká, ó fà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbọ́njúbọ́lá, ó sì fi í sẹ́yìn ara rẹ̀. Èébú ì bá sàn jù. Àwọn obìnrin tó ń gbọn eruku lára rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ìgbà tí wọ́n lọ.

"Kí bàálù tó gbéra," ni Bàbá Jonathan wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "o pè mí. O ní, Bàbá. Ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn?"

"Òun ni, sà."

"Mo sì ní kí o fọkàn balẹ̀."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Mo kà á sí pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní jẹ́ kí n kọ́ nǹkan kan mọ́."

Baba náà dé fìlà rẹ̀ padà, ó yọ pẹ́ńsù kúrò lápò, ó sì na pẹ́ńsù àti ìrù sí i. Nínú ihò tó ṣófo, lórí pákó fẹ́lẹ́ tó wà láàárín, *Jonathan* wà níbẹ̀ ní lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹrù tí a kò mọ ẹni tó dì í ńkọ́?" ni ó wí.

Gbọ́njúbọ́lá kúnlẹ̀, ó gbé ìrù lé itan. Ó fa ìlà gba orí orúkọ baba náà kọjá. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ wẹ́wẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí.

"Kọ ọ́ kó hàn, Tíṣà."

Ó tún un kọ. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, bí ó ti máa ń kọ̀wé sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, ó sì gbé ìrù náà sókè kí gbogbo pápá lè rí i. Láti ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni Kifayah ti na ọrùn, tó ń kà á sókè ní ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé, títí ó fi kà á parí.